Ẹyin Mọ̀nàmọ́ná Méje Nínú Páálí Bàtà

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Manchester ni à ń gbé. Ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún 16, ń sin ejò mọ̀nàmọ́ná méjì nínú àpótí gíláàsì kan ṣoṣo. Abo ni wọ́n pe àwọn méjèèjì nígbà tí a rà wọ́n. Àná la bá ọ̀kan nínú wọn tó ká mọ́ ẹyin méje. Ọmọ mi kó ẹyin náà kúrò lábẹ́ rẹ̀, ó tẹ́ òwú sínú páálí bàtà, ó kó wọn sí i, ó sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíétọ̀, irin tó ń mú yàrá móoru. Mẹ́fà funfun, wọ́n sì lẹ̀ mọ́ra wọn. Ìkeje kéré, ó dá wà lọ́tọ̀, àwọ̀ rẹ̀ dà bíi ti ìda oyin. Bàbá rẹ̀ ní ká kó gbogbo rẹ̀ dà nù, ọmọ sì ń sunkún. Ṣé ẹyin yìí lè di ọmọ nínú ilé? Kí ni ká ṣe?"

Ìdáhùn: Ìyá wa, kí ẹ tó ka ọ̀rọ̀ mi jìnnà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dìde, kí ẹ rọra gbé páálí yẹn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíétọ̀. Bó ṣe wà gẹ́lẹ́ ni kí ẹ gbé e. Ẹ má dojú ẹyin kankan délẹ̀, ẹ má tún wọn tò. Ẹ gbé e sórí tábìlì nínú yàrá tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Bí ara ẹyin bá tutù díẹ̀ fún wákàtí mélòó kan, yóò fara dà á. Ẹ̀gbẹ́ rédíétọ̀ ni ewu wà, nítorí ó lè gbóná kọjá ààlà lóru kí ẹ tó jí.

Ó dáa. Ẹ padà wá jókòó.

Ẹyin yín lè di ọmọ nínú ilé, mo sì rò pé mẹ́fà yẹn ṣì wà láàyè. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń bá ẹyin mọ̀nàmọ́ná ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí. Nínú àwọn tó kú mọ́ mi lọ́wọ́, àṣejù mi ló pa púpọ̀: mo ń ṣí wọn wò ṣáá, mo ń bu omi lé wọn, mo ń wá ooru kún ooru. Tí ọmọ yín bá lè ká ọwọ́ rẹ̀ kò fún ọgọ́ta ọjọ́, iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdajì.

Ẹyin adìẹ ni ọ̀pọ̀ wa mọ̀, ibẹ̀ sì ni àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀. Adìẹ tó ń sàba máa ń fi ẹnu yí ẹyin rẹ̀ lójoojúmọ́, kò sì sí ohun tó ń ṣe é, torí okùn tín-ín-rín méjì wà nínú ẹyin adìẹ tó so pupa ẹyin ró sáàárín. Ẹ ti rí i nígbà tí ẹ bá fọ́ ẹyin sínú abọ́: ohun funfun kan tó lọ́ bí òwú. Ẹyin ejò kò ní irú okùn bẹ́ẹ̀. Láàárín ọjọ́ kan sí méjì lẹ́yìn tí ejò bá yé e, ọlẹ̀ yóò gòkè, yóò lẹ̀ mọ́ abẹ́ èèpo níbi tó kọjú sókè, iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í tàn káàkiri láti ibẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá wá dojú ẹyin náà délẹ̀ lẹ́yìn èyí, pupa ẹyin tó wúwo yóò tẹ ọlẹ̀ mọ́lẹ̀, iṣan lè já, ọmọ yóò kú sínú, èèpo kò sì ní fi ohunkóhun hàn yín.

Nítorí náà, pẹ́ńsùlù ni irinṣẹ́ àkọ́kọ́. Ẹ fi fa àmì kékeré sórí ẹyin kọ̀ọ̀kan níbi tó kọjú sókè nísinsìnyí. Níwọ̀n bí ẹ ti kó wọn kí wọ́n tó pẹ́ nílẹ̀, bí wọ́n bá tiẹ̀ yí díẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ, ó ṣeé ṣe kí ọlẹ̀ má tíì lẹ̀ mọ́ ibì kan. Àmọ́ ibi tó wà lókè lónìí ni yóò wà lókè títí wọn yóò fi yọ. Mẹ́fà tó lẹ̀ pọ̀ yẹn, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ara ẹyin bá ṣe ń gbẹ lẹ́yìn tí ejò yé e ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ra, ẹni tó bá sì fagbára yà wọ́n yóò ya èèpo mọ́ ọn. Ìkeje tó dà bí ìda oyin, ọ̀bu ni láti ìbẹ̀rẹ̀, akọ kò débẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tó ti dá wà, ẹ kó o dà nù. Ká ní ó lẹ̀ mọ́ àwọn yòókù ni, ǹ bá ní kí ẹ fi í sílẹ̀.

Bàbá ọmọ ní ká kó wọn dà nù, mi ò sì fẹ́ kí ẹ fọwọ́ rọ́ ọ̀rọ̀ yẹn sẹ́yìn. Ejò tó bá tinú ẹyin yìí jáde lè lo ogún ọdún sí ọgbọ̀n lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n tọ́jú. Ní oṣù keje ọdún 2020, mọ̀nàmọ́ná kan ní ọgbà ẹranko Saint Louis ní Amẹ́ríkà yé ẹyin méje, ó sì ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún. Ẹ wo bó ṣe jìnnà tó! Ọmọ yín tó jẹ́ ọmọ ọdún 16 yóò ti ní ọmọ tirẹ̀ kí ejò wọ̀nyí tó darúgbó. Ta ni yóò gbà wọ́n? Àwọn ilé tó ń gba ẹran ọ̀sìn tí olówó wọn kọ̀ sílẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń rí mọ̀nàmọ́ná gbà gan-an. Bí ẹ bá jókòó ní ìdílé, tí ẹ sì rí i pé agbára yín kò gbé e, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹ kó ẹyin náà sínú fírísà lónìí tàbí lọ́la, nígbà tí ọlẹ̀ kò tíì ju tóńtó lọ. Ohun tí n kò lè fara mọ́ ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ wá yí ọkàn padà ní ọ̀sẹ̀ kẹfà nígbà tó ti di ejò nínú èèpo.

Ẹ sì bá mi sọ fún bàbá ọmọ pé mọ̀nàmọ́ná kò ní oró. Bí ẹ̀rù bá bà á, yóò ká jọ róbótó, yóò ki orí bọ àárín ara rẹ̀; ìdí nìyẹn tí òyìnbó fi sọ ọ́ ní orúkọ bọ́ọ̀lù. Ní Ouidah, ní orílẹ̀-èdè Benin, ilé òrìṣà kan wà tí wọ́n ti ń tọ́jú irú ejò yìí gan-an, àwọn àlejò a sì máa gbé e kọ́rùn. Mo mọ̀ pé ní ilé Yorùbá, ẹni tó bá gbọ́ "ejò" igi ló ń wá. Ìyá mi àgbà náà máa ń sọ pé ọmọ inú ọ̀ká ní í pa ọ̀ká, ọmọ inú paramọ́lẹ̀ ní í pa paramọ́lẹ̀. Ojú àwọn àgbà ríran: ọ̀ká kì í yé ẹyin sílẹ̀, ọmọ ààyè ló ń bí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ náà kì í pa ìyá. Ti mọ̀nàmọ́ná yàtọ̀. Ó ń yé ẹyin, á ká ara rẹ̀ mọ́ ọn fún nǹkan bí oṣù méjì, kò sì ní jẹun ní gbogbo àkókò yẹn.

Èyí mú mi dé ibi tí ìbéèrè yín fara mọ́: ṣé kí a dá ẹyin padà fún ìyá ni? Nínú igbó, ìyá ni ó dára jù. Ara rẹ̀ tó ká mọ́ ẹyin ni kò jẹ́ kí omi inú ẹyin gbẹ. Kì í fi ara gbígbọ̀n mú ooru jáde bí àwọn òjòlá ńlá ilẹ̀ Éṣíà kan ti ń ṣe. Ibi tó yàn ló ń fún ẹyin ní ooru. Ibi tó sì máa ń yàn ni inú ògán tàbí ihò tí òkété ti ṣí kúrò nínú rẹ̀. Ní Togo, Benin àti Ghana, ìparí ọ̀gbẹlẹ̀ ló ń yé ẹyin, àwọn ọmọ á yọ nígbà tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọdẹ ibẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àsìkò yẹn ni wọ́n ń wa ògán àti ihò, wọ́n á kó abo tó lóyún àti ẹyin lọ sí àwọn ilé ìsìn ejò ní Lomé, àwọn ọmọ tó bá yọ á sì gba ọ̀nà ọkọ̀ òfurufú lọ sí Amẹ́ríkà àti Yúróòpù. Ó ṣeé ṣe kí ìyá ńlá ejò ọmọ yín ti ibẹ̀ wá.

Ẹni tó bá ti ki ọwọ́ bọ ihò ògán rí mọ̀ bí inú rẹ̀ ṣe ń rí: òkùnkùn ni, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó tutù bí ilẹ̀ tí òjò pa lánàá, bó ṣe rí lọ́sàn-án ló rí lóru. Àpótí gíláàsì nínú ilé Manchester kò jọ ọ́ rárá. Apá kan gbóná, apá kejì tutù, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ sì gbẹ nítorí iná tó ń mú ilé móoru. Ìdí nìyẹn tí èmi fi gbà pé kí ẹ má dá a padà. Ògán kékeré ni kí ẹ mọ fún wọn.

Ẹ wá abọ́ ike tó ní ìdérí, èyí tó lè gba bíi lítà mẹ́fà omi. Ní ilé ìtajà àwọn olóko òdòdó, ẹ béèrè vermiculite, ẹ̀tù òkúta fífúyẹ́ kan ni tí ń fa omi mọ́ra. Ẹ fi òṣùwọ̀n ilé ìdáná wọ̀n ọ́n: gíráàmù 300 ẹ̀tù, gíráàmù 300 omi, ẹ pò ó pọ̀. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan kí ẹ fún un. Bó bá dì mọ́ra tí kò sì kán ju ẹ̀kán kan tàbí méjì lọ, ó ti tó. Bí omi bá ń ṣàn jáde láàárín ìka, ẹ fi ẹ̀tù gbígbẹ kún un. Ẹ tẹ́ ẹ sí ìsàlẹ̀ abọ́, ẹ fi ọwọ́ gbẹ́ àyè kòtò, kí ẹ sì gbé òdìdì ẹyin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sínú rẹ̀ pẹ̀lú àmì pẹ́ńsùlù lókè. Ẹ má bò wọ́n. Ẹ lu ihò kékeré méjì tàbí mẹ́ta sára abọ́, kí ẹ dé e. Òwú yẹn, ẹ kó o dà nù; omi ẹyin ló ń fà.

Èèpo ẹyin ejò rọ̀ bí awọ, ó sì ń mu omi láti inú afẹ́fẹ́. Ẹyin tó wà ní àlàáfíà a máa wú bí ọjọ́ ti ń lọ. Omi inú afẹ́fẹ́ ló ń wá, kì í ṣe èyí tó ń kán lé e lórí. Ẹyin tí omi dúró sórí rẹ̀ kò lè mí, ọmọ inú rẹ̀ á rì. Bí ìrì bá ń kóra jọ sábẹ́ ìdérí, ẹ fi nǹkan gbé apá kan abọ́ sókè díẹ̀ kí omi lè ṣàn gba ẹ̀gbẹ́, ṣùgbọ́n kí ẹ ti rí i pé àwọn ẹyin kò ní yí.

Ooru ló kù, òun ló sì gba ìrònú jù. Ohun tí ẹ ń wá ni dígírì 31 sí 32 lórí òṣùwọ̀n Celsius, tọ̀sán-tòru. Ní ìwọ̀n yìí, ẹyin á gba nǹkan bí ọjọ́ 55 sí 60. Bó bá jẹ́ 29, yóò pẹ́ jù bẹ́ẹ̀. Bó bá ń lọ sí 34 sókè, àwọn ọmọ tí eegun ẹ̀yìn wọn lọ́ ni ẹ ó máa rí, tàbí kí wọ́n kú. Ẹ wò ó dáadáa: àyè wà nísàlẹ̀, kò sí lókè. Àwọn kan yóò sọ fún ọmọ yín pé bó bá ṣí ooru sókè, abo ni gbogbo wọn yóò jẹ́. Ọ̀rọ̀ ọ̀nì àti ìjàpá nìyẹn. Ti ejò wà nínú ẹ̀jẹ̀ láti ọjọ́ tí oyún ti dúró, ooru kò lè yí i padà.

Fún ẹni tí ẹyin bá lójijì bíi tiyín, èyí ni mo máa ń sọ. Ẹ wá kúlà tí wọ́n fi fóòmù ṣe, irú èyí tí a ń gbé omi tútù sí lóde àríyá. Ẹ to bíríkì méjì sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ bu omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ sí i títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bo bíríkì. Ẹ lọ sí ilé ìtajà àwọn tó ń sin ẹja, ẹ ra híta tí wọ́n ń kì bọ omi ẹja, ẹ tẹ́ ẹ sínú omi náà kí ó rì pátápátá, kí ẹ sì gbé abọ́ ẹyin ka orí bíríkì. Ẹ dé kúlà. Omi ló ń gbóná, omi ló ń fi ooru fún afẹ́fẹ́, ooru náà kì í sì fò sókè lójijì. Ọ̀pọ̀ híta ẹja kò tilẹ̀ ń kọjá 32 sí 34, ààbò nìyẹn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ máa wo omi náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí híta má baà yọ síta gbígbẹ, kí ẹ sì yọ wáyà kúrò lára iná kí ẹ tó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Lóru òní, ẹ kọ́kọ́ tan kúlà sílẹ̀ láìsí ẹyin nínú rẹ̀. Tí ó bá dúró sójú kan fún wákàtí mẹ́rìnlélógún, ẹ kó wọn wọlé.

Ẹ ra tẹmomítà tó ní wáyà gígùn, kí orí wáyà náà wà nínú abọ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹyin gan-an. Ẹ fi téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Mo tẹnu mọ́ téèpù yìí nítorí ohun tójú mi rí. Ní ọdún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀, ẹní iná ni mò ń lò, pẹ̀lú thermostat, ẹ̀rọ kékeré tó ń pa iná nígbà tí ooru bá tó, tó ń tàn án padà nígbà tó bá dín kù. Mo ṣí àpótí wo ẹyin ní alẹ́ ọjọ́ kan, mo dé e padà, n kò mọ̀ pé orí wáyà thermostat ti yọ́ bọ́ síta. Yàrá tutù, ẹ̀rọ ń gbọ́ òtútù yàrá, ó ní kí iná máa jó, iná sì ń jó. Nígbà tí mo jí, ó ti lé ní 38 nínú àpótí. Ẹyin mẹ́jọ, ó ku ọjọ́ mọ́kànlá kí wọ́n yọ. Mo ṣì ń rántí bí wọ́n ṣe rí nígbà tí mo la wọ́n. Gbogbo wọn ti ní àwọ̀ lára tán.

Lẹ́yìn ìyẹn, iṣẹ́ yín kò pọ̀ mọ́. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ẹ ṣí ìdérí fún ìṣẹ́jú kan kí afẹ́fẹ́ tuntun wọlé, kí ẹ sì dé e. Ní nǹkan bí ọjọ́ keje, ẹ pa iná yàrá, kí ọmọ yín gbé tọ́ọ̀ṣì kékeré sún mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹyin láìgbé e sókè. Bí ọlẹ̀ bá ti sọ, inú ẹyin á pọ́n bí ọwọ́ tí a fi bo iná, ẹ ó sì rí iṣan ẹ̀jẹ̀ tó pín sí ọ̀nà bí gbòǹgbò igi. Mo fẹ́ kí bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mo ti rí ẹni tó fẹ́ kó ẹyin dà nù tó sì jẹ́ pé òun ló gba tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ ọmọ nígbà tó rí iṣan yẹn.

Bí ọ̀kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í bu, tí ohun funfun bí èyí tó ń hù lára búrẹ́dì bá yọ lára rẹ̀, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nù ún díẹ̀díẹ̀. Ẹyin tó wà láàyè a máa bá a jà, ó sì sábà máa ń borí. Bí wọ́n bá sún kì, tí ẹ̀gbẹ́ wọn wọnú ní ọ̀sẹ̀ kejì tàbí ìkẹta, òùngbẹ ni. Ẹ fi ṣíbí bu omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ sí ẹ̀gbẹ́ abọ́, sínú ẹ̀tù, kí ó má kan ẹyin. Bó bá jẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ 45 ni wọ́n wọnú, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, ọmọ ti ń gba gbogbo inú ilé rẹ̀ ni.

Nígbà tí àkókò bá tó, ẹ ó rí ojú ọgbẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ lára èèpo, bí ẹni fi abẹ là á. Ejò kékeré ní eyín kan ní ṣóńṣó imú tó ń lò fún iṣẹ́ yìí nìkan, yóò sì bọ́ lẹ́yìn náà. Yóò yọ imú, yóò mí, yóò sì jókòó síbẹ̀ fún ọjọ́ kan, nígbà mìíràn ọjọ́ méjì. Níbi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣàṣìṣe nìyí: wọ́n rò pé ó há, wọ́n á fà á jáde. Kò há. Ó ń fa ìyókù pupa ẹyin wọnú ikùn ni, oúnjẹ ọ̀sẹ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ sì ni. Bí wọ́n bá fà á, ìwọ́ rẹ̀ lè já, kí ó ṣẹ̀jẹ̀ kú. Àwọn kan a máa fi àlùmọ́gàjí là ẹyin ṣáájú ọjọ́ kí wọ́n lè tètè mọ àwọ̀ ọmọ. N kì í ṣe é, mi ò sì ní kí ọmọ yín ṣe é.

Èyí tó bá jáde kò ní gùn ju rúlà ilé ìwé lọ púpọ̀. Ẹ fi kálukú sínú abọ́ tirẹ̀ tó ní omi mímu àti ibi ìsápamọ́. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, yóò bọ́ awọ, lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ tó máa fún un ní ọmọ eku. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá fọwọ́ kan ẹyin tàbí ejò, ẹ fọ ọwọ́ pẹ̀lú ọṣẹ, ẹ má sì fọ abọ́ wọn nínú síńkì tí ẹ ti ń fọ àwo oúnjẹ. Kòkòrò Salmonella ń bá ejò gbé láìṣe ejò ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n ó ń dà wá nínú rú.

Ó ku ìyá. Lónìí, kí ọmọ yín fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ wẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, kí ó kó gbogbo ohun tó tẹ́ sínú àpótí dà nù, kí ó sì fọ àpótí náà dáadáa. Tí òórùn ẹyin bá ṣì wà níbẹ̀, yóò máa ká mọ́ ilẹ̀ lásán, yóò sì máa febi pa ara rẹ̀. Lẹ́yìn bí ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, ẹ fún un ní eku kékeré, èyí tó kéré sí èyí tó máa ń jẹ. Èkejì tí wọ́n pè ní abo fún yín, ó ṣeé ṣe gan-an kó jẹ́ akọ. Ẹ wá àpótí tirẹ̀ kí ilẹ̀ òní tó ṣú, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n tún pàdé títí ara ìyá yóò fi padà sí bó ṣe rí kí ó tó yé ẹyin.